Rilé Tó Kú Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń sọ pé kí wọ́n fún òun ní ‘dáírẹ́ẹ̀tì’ nínú ọkọ̀, inú máa ń kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó béèrè ohun tó bàjẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn. Wọ́n á ní, “Ó tún ti dé o.” Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, bóyá ẹ̀yin náà á bá mi bínú díẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Òkè-Ṣọpẹ́n, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ilé rẹ̀ wà. Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, mo kó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí Èkó ni àbúrò mi ọkùnrin wà, báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́, a ò sì lè fi bàbá sílẹ̀ ní òun nìkan. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ti ń tọ́jú láàbù àwọn ọmọ físíìsì. Ohun tí mo ń fọwọ́ mú lójoojúmọ́ ni wáyà, bátìrì, mítà àti gílóòbù. Ọmọ tó bá fẹ́ mọ bí iná ṣe ń rìn, iwájú mi ni wọ́n ń mú un wá.

Àyà bàbá mi kò dára. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí eruku bá ti gba ojú ọ̀run, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há, á máa dún bí ẹni pé nǹkan ń súfèé nínú rẹ̀. Dókítà ní kó ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ oògùn olómi di ìkùukùu, tí yóò máa fi ìbòmú fà sínú. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n iná ló ń lò, iná ìjọba ládùúgbò wa sì rèé, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. A ní jẹnẹrétọ̀, àmọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ gan-an wà lára ohun tó ń há a láyà. Nítorí náà, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni a ti ń lò ó. Ìńfátà kékeré kan wà, tó ń sọ iná bátìrì di irú iná ilé, tí mo máa ń kì bọ ihò tí àwọn amusìgá fi ń tanná níwájú ọkọ̀. Màá so ẹ̀rọ mọ́ ọn, bàbá á jókòó, á fi ìbòmú bo imú, á máa gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èjìká rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ni ọsibítù tiwa nílé. Takisí ni èmi ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí ọkọ̀ lè wà nílé fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú ọyẹ́, mo yí kọ́kọ́rọ́, n kò gbọ́ rédíò. Ìńfátà kò tan iná àwọ̀ ewé rẹ̀. Aago iwájú ọkọ̀ ti dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́ síwájú sí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Iná iwájú ń tàn, họ́ọ̀nù ń dún. Mo jókòó síbẹ̀, mo rò ó. Bátìrì kò lẹ́jọ́. Gbogbo ohun tó kú jẹ́ àwọn tí kọ́kọ́rọ́ máa ń jí nígbà tí a bá kọ́kọ́ yí i, kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Ohun kan náà ló ń fún gbogbo wọn lóúnjẹ. Ó lè jẹ́ fíúsì, ó lè jẹ́ ojú kọ́kọ́rọ́, ó sì lè jẹ́ rilé wọn.

Rilé yẹn, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àpótí dúdú kan ni tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó sẹ́nu géètì ló ń ṣe. Kọ́kọ́rọ́ á fi iná tín-ín-rín ránṣẹ́ sí i, òun á sì ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá láti inú bátìrì. Bó bá ti ń ṣílẹ̀kùn, á dún ‘kẹ́’, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ á gbọ́. Lọ́jọ́ náà mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò gbọ́ kẹ́ kankan.

Mo wọlé, mo ní, “Bàámi, ó jọ pé rilé ló kú. Ẹ jẹ́ kí n tú u wò bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.”

Ó gbójú sókè. “Tú kí ni? Ìwọ? Gbé e rè ọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mi ní Òkè-Agbò.”

Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yìí ni gbogbo ìbínú mi dá lé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí bàbá mi ń lọ, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ti jọ wà láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Òfin wọn ni pé iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kì í jáde lọ síta. Télọ̀ wọn ló ń rán aṣọ wọn. Bíríkìlà wọn ló ń tún ògiri wọn ṣe. Káfíńtà wọn ló ń kan pósí wọn, àwọn tó kù á sì gbé e dé itẹ́ òkú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ rewáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Agbò. Bàbá Rewáyà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ti dójú tì í lójú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Èyí tó burú jù nínú òfin náà, tí wọn kò kọ síbì kankan, ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òun kò dára.

Mo gbé ọkọ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó yọ̀ mọ́ mi. “Ọmọ Tíṣà! Tíṣà ń kọ́? Àyà rẹ̀ ń kọ́?” Mo ṣàlàyé ohun tó kú àti ohun tó yè nínú ọkọ̀, mo wá fi kún un pé lójú tèmi, rilé ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà o. Ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín sí ọmọ ọdún mẹ́ta tó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ ni.

“Ṣé wọ́n ti ń kọ́ obìnrin ní uṣẹ́ rewáyà ní yunifásítì ni? Rè jókòó, ọmọ mi. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ yẹn.”

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà o.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò lo tẹ́sítà, kò lo gílóòbù. Ó kàn ń fi wáyà gbá orí bátìrì, iná ń ta pàrà, ó ń mi orí bí ẹni pé iná náà ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa fóònù yọ. Mo rò pé ẹnìkan tí yóò bi léèrè nípa iṣẹ́ ló fẹ́ pè. Ṣé ẹ mọ ẹni tó pè? Àbúrò mi, ní Èkó. Ọkọ̀ tó wà níwájú mi ló ń ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó sí báǹkì, tí kò mọ̀ ju kó ra epo sínú ọkọ̀ lọ. Ó ní ojú kọ́kọ́rọ́ ló bàjẹ́. Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi nínú fóònù, ó ní, “Ẹ ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú yín, sà.” Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí mi bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo pe àbúrò mi padà nígbà tó yá, mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá Rewáyà pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́. Rédíò kò sọ̀rọ̀. Ó ní fíúsì ni, ó yọ fíúsì tí kò jó, ó fi tuntun síbẹ̀. Rédíò kò sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn wáyà ti gbó, ó fà wọ́n jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń gé wọn, ó ń tún wọn so, ó ń fi téèpù dúdú wé wọn.

Lọ́jọ́ kejì tí ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wà níbi iṣẹ́. Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń fini ṣẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ọdún kejì fẹ́ ṣe ní láàbù lọ́jọ́ náà, ti rilé ni. Mo dúró níwájú wọn, mo gbé rilé sókè, mo fi hàn wọ́n bí a ṣe ń mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó yè. Àwọn ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ti kún ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, wọ́n ń pè mí ní mà. Ní àkókò yẹn gan-an, bàbá àgbà kan ń gé wáyà ọkọ̀ bàbá mi ní Òkè-Agbò, nítorí pé ó dá a lójú pé n kò mọ nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ rilé náà mọ́ ògiri.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, àyà bàbá mi há, iná ìjọba kò sí. Mo kó ẹ̀rọ rẹ̀ àti ìńfátà sínú báàgì, mo mú un lọ sílé aládùúgbò wa kan tó ní ọkọ̀. Bàbá mi, ẹni tó ti fi ẹgba kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò yẹn ní ìwé, jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó ń fa oògùn, ó ń yọ ìbòmú láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onílé. Ó dùn mí wọ inú egungun. Bí mo ti ń mú un bọ̀ wá sílé, mo ní, “Bàámi, ṣé ẹ rí i báyìí?” Ó ní sùúrù ni kí n ní.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Rewáyà ní iṣẹ́ ti parí. Mo dé ibẹ̀, rédíò ń pariwo. Ó gba ìńfátà lọ́wọ́ mi, ó kì í bọ ihò, iná àwọ̀ ewé tàn. Inú mi fẹ́ dùn. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé kọ́kọ́rọ́ wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sí nínú ọkọ̀.

Mo ní, “Bàbá, kọ́kọ́rọ́ rèé níbí, rédíò sì ń sọ̀rọ̀.”

“Mo ti fún un ní dáírẹ́ẹ̀tì,” ó dáhùn, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. “Láti orí bátìrì tààrà. Kò tún lè kú mọ́ láéláé.”

Dáírẹ́ẹ̀tì ni oògùn gbogbo àrùn lọ́wọ́ àwọn rewáyà wa. Bí ọ̀nà tí iná ń gbà bá dí, wọn kì í wá ohun tó dí i. Wọ́n á fa wáyà mìíràn láti orí bátìrì lọ síbi tí iná kò dé, wọ́n á fo fíúsì, wọ́n á fo rilé, wọ́n á fo kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ní ó ti parí, oníǹkan á sì máa yọ̀. Mo ti rí ọkọ̀ lójú títì ìlú Òrù tó jẹ́ pé dáírẹ́ẹ̀tì ló fi ń tan iná, òun ló fi ń fun họ́ọ̀nù, òun náà ló fi ń nu ojú gíláàsì lójò. Mo mọ̀ pé bí a bá gbàgbé ìńfátà sínú ihò yẹn, yóò máa mu bátìrì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo mọ̀ pé wáyà tí kò ní fíúsì lè jó ọkọ̀ mọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.”

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Ìbínú tí mo ní sí ara mi lórí ìdúpẹ́ yẹn kò tíì tán. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé bí àgbà bá ṣe nǹkan fún wa, bó dára bí kò dára, orúnkún á kọ́kọ́ kanlẹ̀ ná. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé mo mọ̀wé.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá mi pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára, kí ó jẹ́ kí n tú u kúrò. Ó ní ṣé rédíò kò sọ̀rọ̀ ni? Mo ní ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé ẹ̀rọ òun kò ṣiṣẹ́ ni? Mo ní ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n...

“Ṣùgbọ́n kí ni? O fẹ́ kí n dójú ti ọmọ ẹgbẹ́ mi?”

“Bàámi, èémí yín ni mo ń sọ, kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni.”

Ó kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ sínú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà tí ìyá rẹ kú, àwọn ta ló gbé e? Mi ò tilẹ̀ pè wọ́n tí wọ́n fi wá kún inú ulé yìí. Bí èmi náà bá kú, àwọn ni wọ́n máa gbé mi. Ṣé ìwọ lè gbé pósí?”

“Ẹ ò tíì kú!” Igbe ni mo fi sọ ọ́. “Àwọn tó máa gbé yín lọ sí itẹ́ òkú ni ẹ̀ ń tọ́jú, ẹ ò ro ti ẹni tó fẹ́ kí ẹ wà láàyè!”

Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó ń ṣí ojú ìwé kiri, kò kà á. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó ní òun ò bínú. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, wáyà dáírẹ́ẹ̀tì sì wà níbi tó wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ̀ náà. Bí mo bá ti ti Àgọ́-Ìwòyè dé, òun ni mo kọ́kọ́ ń lọ wò, màá yọ ìńfátà, màá pa rédíò, kí n tó bọ́ bàtà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn ọmọ ṣe ìdánwò ní láàbù, ó rẹ̀ mí, mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìwo ọkọ̀. Bàbá mi ti lo ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì yọ ìńfátà. N kò lè dá a lẹ́bi. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ, gbogbo nǹkan á kú fúnra wọn. Ohun tí rilé wà fún nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbọ́ tí ó ń lu ògiri. Kò lè pè mí. Nígbà tí mo dé yàrá rẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Iná ìjọba kò sí. Mo fi apá gbé e dénú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí rédíò. Kò sí ìńfátà. Ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ mí. Bátìrì ti kú pátápátá.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń bínú, ìgbà náà ni ìbínú kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, tí ẹ̀rù gbà mí mú. Mo sáré jáde sójú títì pẹ̀lú aṣọ ìsùn, mo ń fọwọ́ dá ọkọ̀ dúró. Ọ̀kadà ló dúró. Mo gbé bàbá mi sáàárín, èmi wà lẹ́yìn, mo dì í mú, eruku ọyẹ́ ń fẹ́ sí i lójú, mo fi ìborùn mi bo imú rẹ̀. Mo ń gbọ́ àyà rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún. Nígbàkígbà tó bá dákẹ́, èmi náà kì í lè mí títí yóò fi tún dún. Báyìí la ṣe dé ọsibítù, ọkọ̀ wa sì wà ní ojúlé.

Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé a kò ní ẹ̀rọ nílé ni. Mo ní a ní. Ó ní kí ló dé tí a ò lò ó? Báwo ni màá ṣe sọ fún un pé bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ojú má baà ti rewáyà?

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Mo gbé bátìrì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sáájì, nígbà tó sì di àárọ̀ Sátidé, mo wá sílé láti mú aṣọ fún bàbá, mo dá bátìrì padà sínú ọkọ̀. Mo wo ọkọ̀ náà, ìbínú mi padà dé. Mo lọ wọ ṣòkòtò.

Wáyà dáírẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ fà yọ. Ó gùn. Níbi tó ti gba ara irin kọjá, awọ rẹ̀ ti ń yọ́. Mo dì í mú lọ́wọ́, mo ń ronú nípa bàbá mi tó jókòó lé e lórí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìbòmú lójú. Lẹ́yìn náà mo tọ gbogbo wáyà tí ọkùnrin náà ti gé, mo tún wọn so bó ṣe yẹ.

Mo so gílóòbù kékeré kan mọ́ wáyà méjì. Mo fi ìdí ọ̀kan kan irin ọkọ̀, mo ń fi èkejì kan ẹsẹ̀ fíúsì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù kò tàn ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyẹn ni pé fíúsì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá ni. Mo bá kọjá sọ́dọ̀ rilé. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń gbé. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi yọ síta, àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú iṣẹ́ pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó sọ. Rilé náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo fà á yọ, mo fi gílóòbù wo ihò tí iná ńlá ń gbà wá láti orí bátìrì, gílóòbù tàn. Mo wo ihò tí kọ́kọ́rọ́ ń gbà ránṣẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù tàn. Mo dá a padà, ó kú. Kọ́kọ́rọ́ ń ránṣẹ́. Iná ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò kàn sí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ni.

Rilé họ́ọ̀nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó jọ ọ́ bí ìbejì. Mo yọ ọ́, mo tì í bọ ihò èkejì. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ́.

Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo bú sẹ́kún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbẹ̀, ẹkún ìbínú ni. Wíwá tí mo wá a, kò gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ. Ìdajì wákàtí! Bí wọ́n bá jẹ́ kí n ṣe é ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ yẹn, bàbá mi kì bá tí dé orí ọ̀kadà. Mo la rilé tó kú náà. Wáyà tó yí ká inú rẹ̀, tó tín-ín-rín bí irun orí, ti já níbi tí omi ti kán sí i. Nǹkan tín-ín-rín yẹn ló fẹ́ pa bàbá mi. Rárá, mo ṣì í sọ. Kì í ṣe nǹkan yẹn ló fẹ́ pa á.

Mo lọ ra òmíràn ní Òrù, nítòsí ibi tí àwọn ará Làìbéríà tó sá ogun wá gbé rí, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà. Òun náà bi mí pé rewáyà wo ló rán mi. Mo ní èmi ni rewáyà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ti wá mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa.

Nígbà tí bàbá mi padà wálé, mo mú un wọnú ọkọ̀, mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó tún yí i, wọ́n jí. Mo fi rilé tí mo là sí i lọ́wọ́, mo ṣàlàyé. Tíṣà ni, ó yé e kíákíá, ó tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè méjì tí àwọn ọmọ mi ní láàbù kò bi mí. Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun gan-an.” Ọkàn mi rọ̀. Ẹ̀yìn náà ló wá fi kún un.

“Má sọ fún un pé ìwọ lo ṣe é.”

“Fún ta ni?”

Ó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. “Ó máa rò pé mo gba uṣẹ́ lọ́ghọ́ rẹ̀. Ó ti dàgbà. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ọkọ̀ wá fún un mọ́.”

Mo ní n kò ní sọ. Ó dà bíi pé mo gbé ewúro mì.

Bàbá Rewáyà wá kí i láàárín ọ̀sẹ̀, ó mú ọsàn wá. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí òun wo iṣẹ́ òun. Mo ṣí i. Ó wo orí bátìrì níbi tí wáyà rẹ̀ ti wà, kò rí i. Ó wo ojú mi, èmi náà wo tirẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó béèrè. Bó bá lè béèrè ni, ǹ bá dá a lóhùn, ìlérí kì bá dá mi dúró. Ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó sì gba ọ̀nà Òkè-Agbò lọ. Ó mọ̀. Mo lè búra pé ó mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bàbá mi ní òun fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e lọ síwájú pẹpẹ, Bàbá Rewáyà wà láàárín wọn. Èmi wà lórí ìjókòó kẹta. Àlùfáà fún bàbá ní máíkì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ ọ́ nínú ikú òjijì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì. Ó wá na ọwọ́, ó fa Bàbá Rewáyà mọ́ra, ó ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mi yìí. Ọkọ̀ tí mo fi ń rí èémí, òun ló ń bá mi tọ́jú rẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.” Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàbá Rewáyà tẹrí ba, ó sì gbà á. Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Mo dìde. Mo di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú mi mú, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi: mo fẹ́ sọ fún gbogbo ìjọ pé ọwọ́ tí wọ́n ń ṣàdúrà fún yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò tíì parí, n kò sì lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí n dúró dìgbà tí yóò sinmi láti mí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn akọrin, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò tó yá wa ní ọkọ̀. Ó dárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó súre fún àwọn opó wọn àti àwọn ọmọ wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ayé, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi. Mo dúró, mo ń retí kó sinmi. Kò sinmi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ dé òpin, ohùn rẹ̀ ń lọ geere títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo padà jókòó.